Ọ̀fun Ẹ̀wù Ìléfòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì

Wọ́n ti dá Ẹlẹ́rìn-ín, ìyàwó mi, sílẹ̀ nílé ìwòsàn. "Dídá sílẹ̀" ni wọ́n pè é. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkàn ìyàwó mi ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, pé omi tó ń wú u lẹ́sẹ̀ yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, pé oògùn tó wà náà ni wọ́n ti fún un yẹn. Ó ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ń ṣe nílùú ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ tó báyìí kì í sì í jí lórí tábìlì. Ó ní ká lọ rò ó. Mo ní a ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan o, ẹnu mi ló sọ ọ́.

Òjò ti dá. Omi èbúté ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ bá Ọ̀gá Gàgàrà, olórí àwa òmùwẹ̀, ní èbúté. Ìgbà tí omi bá mọ́ báyìí ni iṣẹ́ àwa òmùwẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀wù ìléfòó ni mo sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú omi. Yàrá iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ etíkun ni mo ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Mo sọ fún un pé lọ́tẹ̀ yìí mi ò lè fi ilé sílẹ̀.

Ó wolẹ̀. Ọkùnrin yẹn ga débi pé tó bá wolẹ̀, ojú èmi ló máa ń bá pàdé. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní kí n fi àwọn ẹ̀wù sílẹ̀, kí n yọ ọ̀fun wọn, ìyẹn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí n kó o lọ ṣe nílé. A jọ yọ wọ́n ni. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn nínú agbọ̀n bí ejò tó ń sùn. Ó tún bá mi gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kan sínú mọ́tò. Nígbà tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n kí ìyàwó mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Tábìlì tí Ẹlẹ́rìn-ín fi ń ṣe irun fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo gbé wọ yàrá, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń bọ́ sí. Mo yọ dígí ara rẹ̀ torí ó ní òun ò fẹ́ máa rí ojú òun. Mo tẹ́ aṣọ ìnura funfun sórí rẹ̀. Ohun kékeré tó bá bọ́ sórí aṣọ funfun kì í sọ nù. Básíà omi, fínígà tó ń yọ́ iyọ̀ tó ti dì, bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, gírísì funfun tí wọ́n ṣe fún rọ́bà nìkan. Fínígà ti gbówó lórí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí mo rà á lọ́dún tó kọjá.

Ó ń wò mí láti orí ìrọ̀rí tó fara tì. Kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́, èémí rẹ̀ á há.

"Ẹja," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí, "o ti sọ yàrá mi di ṣọ́ọ̀bù."

Mo ní ṣebí òun náà ti sọ pálọ̀ mi di ṣọ́ọ̀bù onídìrí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, tí mi ò rí àga jókòó sí nínú ilé ara mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn náà ló sọ ọ́ lórúkọ láti kíláàsì tí a jọ wà. Tíṣà a máa lé e síta nítorí rẹ̀, a ó sì máa gbọ́ ọ níta tó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo tú ọ̀fun mẹ́ta. Iyọ̀ ti dì mọ́ abẹ́ bọ́tìnnì gbogbo wọn bí èérún yanrìn funfun. Àwọn ọmọ òmùwẹ̀ yẹn kì í fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá yẹ ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rìn-ín wò bi mí pé kí lèmi ń tò síbẹ̀ bí ẹni ń to egungun ẹja. Mo fi èyí tí mo ti tò pọ̀ hàn án: rọ́bà gígùn tó ń lọ sára ẹ̀wù, bọ́tìnnì ìfẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti ara sìlíńdà, bọ́tìnnì ìtú tó ń jẹ́ kó jáde, ibi tí èèyàn lè fi ẹnu fẹ́ ẹ sí tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́. Mo ní bí òmùwẹ̀ ṣe ń dúró sójú kan nínú ibú nìyẹn, kò ní rì, kò ní léfòó. Ó bi mí pé tí bọ́tìnnì ìfẹ́ bá wá há ńkọ́? Mo ní ẹ̀wù á wú fúnra rẹ̀, á gbé èèyàn lọ sókè lójijì bíi bọ́ọ̀lù tí a tẹ̀ wọ omi, ẹ̀dọ̀fóró onítọ̀hún lè fà ya kó tó dé òkè. Nọ́ọ̀sì gbé e padà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹyin.

Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ẹ wá rí i bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Kò fọ abọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rìn-ín wú dé orúnkún. Ìjókòó ló fi sùn. Mi ò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Omi ara rẹ̀ fà díẹ̀. Ó jẹ ẹyin, ó jẹ búrẹ́dì. Ó bú ẹyin náà pé kò ní iyọ̀, pé dókítà ti jẹ́ kí òun máa jẹ oúnjẹ bí ẹni tó ń jẹ páálí.

Àwọn òrùka rọ́bà kékeré inú fáàfù tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ ni mò ń yọ lónìí. Inú kòtò tóóró ni wọ́n ń jókòó sí, irin tí mo fi ń tú wọn sì gbọ́dọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Tí irin bá fi ha idẹ níbẹ̀, kódà ká fi rọ́bà tuntun sí i, á máa jò. Mo ha ọ̀kan. Mo pòṣé. Ẹlẹ́rìn-ín ní kí n mú ìkótí òun wá nínú dúrọ́ọ̀. Ìkótí tó fi ń la irun ni, onígi dúdú, ẹnu rẹ̀ mú, ara rẹ̀ ń dán. Ó ní mélòó ni mo rí nínú àwọn oníbàárà òun tí òun ha lórí láti ọjọ́ yìí?

Ìkótí náà wọlé sábẹ́ rọ́bà bí ẹni tẹsẹ̀ bọ bàtà. Kò ha nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ìyókù, mo bá a di fáàfù mú níwájú rẹ̀. Ìka rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ibi tó ń lọ. Bó ṣe ń yọ ọ́ ló ń dá orin kan láìlanu. Tó bá yọ ọ̀kan, á gbé e lé orí ìnura, á ní, "Èyí náà ti dàgbà."

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa gbàgbé pé inú mi dùn lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ aránṣọ dé. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nílùú ńlá, pé àyè wà nílé ìwòsàn ọ̀hún, pé mọ́tò tó ní ibùsùn nínú á wá gbé e, ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni ìrìn náà. Ó ní a kì í wo àìsàn níran. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i. Ká má purọ́, èmi gan-an ti ń di àpò lọ́kàn. Ẹni tó bá lọ bá dókítà pẹ̀lú ìrètí díẹ̀ ṣì sàn ju ẹni tó jókòó tì í lọ.

Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sí fèrèsé. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ooru mú. Ẹ̀gbọ́n lọ sọ́jà. Mò ń fi gírísì pa òrùka rọ́bà tuntun, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìpara ojú ọmọ tuntun, torí tó bá pọ̀ yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹlẹ́rìn-ín ní kí n gbé e sílẹ̀ ná.

"Ẹja, mi ò lọ."

Mo bi í pé kò lọ síbo.

"Ìlú ńlá. Ó ti rẹ̀ mí. Má jẹ́ kí n kú sójú ọ̀nà, nínú mọ́tò, níbi tí mi ò mọ igi, tí mi ò mọ ilé."

Mo sọ gbogbo ohun tí ọkùnrin ń sọ. Mo ní dókítà ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Mo ní ọmọ wa ńkọ́. Mo ní èmi ńkọ́. Ibẹ̀ ni ohùn mi ti ga sókè, mo sì bínú sí i gan-an, bí ẹni bínú sẹ́ni tó fẹ́ já èèyàn sílẹ̀ láàárín odò. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kò sunkún, kò bá mi jà.

Ó ní, "O rántí ọjọ́ tí o sọ fún mi pé tí afẹ́fẹ́ òmùwẹ̀ bá ti ń tán, kì í ṣe ìgbà yẹn ló yẹ kó máa wá ibòmíràn lọ? O ní kó rọra máa gòkè bọ̀ ni. Mò ń gòkè bọ̀. Dúró tì mí."

Mi ò rántí pé mo sọ ọ́ rí. Mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé títí Ẹ̀gbọ́n fi dé. Nígbà tí mo wọlé, mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé mo ti gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èmi ni mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní mo ti pa àbúrò òun. Ó sọ ọ́ ní kíṣíìnì, pẹ̀lú ọ̀bẹ àlùbọ́sà lọ́wọ́, ó sì tún un sọ. Ó di ẹrù rẹ̀, ó jáde, mo gbọ́ bí géètì ṣe dún.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ó padà dé. Kò kí mi. Ó gbé omi gbígbóná wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó wẹ àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ń gbọ́ àwọn méjèèjì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá wọn. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "A rí tàìsàn ṣe, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe." Ó wá bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọmọ wa dé. Tíṣà ni, níbi tó jìnnà, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ti sanra." Ó wá lọ sí balùwẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀fun kan wà tó ń yọ mí lẹ́nu láti àná. Mo ti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà rẹ̀. Mo so ó mọ́ sìlíńdà, mo tẹ bọ́tìnnì, ó fẹ́, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Mo rì í sínú básíà, ìhó afẹ́fẹ́ kan ò jáde. Mo kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára páálí, mo fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti tán.

Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ìyẹn ò tíì dákẹ́."

Mo ní ó ti dákẹ́. Ó ní kí n tún tẹ̀ ẹ́, kí n jọ̀wọ́ rẹ̀, kí n wá mú sùúrù. Ọmọ wa dúró sójú ilẹ̀kùn, kò mira. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ èmi náà gbọ́ ọ: sìì, fínfín, bí ẹni tó ń pe ológbò láti yàrá kejì. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo tú u. Ọmú fáàfù tí a ń yí wọlé ni kò le tán, ó tú níwọ̀n ìdajì ìyípo. Tí irú rẹ̀ bá wà lára òmùwẹ̀, ẹ̀wù á máa wú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, yóò kàn rí i pé òun ń fò lọ sókè.

Mo bi í pé báwo ló ṣe gbọ́ ọ nígbà tí èmi ò gbọ́. Ó ní òun ò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí òun máa tẹ́tí lọ. Ọmọ wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó wá kù díẹ̀ kí a má lè dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọkọ̀ oníyanrìn kan dojú dé lẹ́nu èbúté ní ìdájí. Àwọn tó ń kó yanrìn lúwẹ̀ẹ́ jáde. Atukọ̀ ò jáde. Ọ̀gá Gàgàrà fúnra rẹ̀ ló wá kó àwọn ọ̀fun tó ti tán. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúpẹ́, ó sì jókòó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ omi lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹ̀wù àyálò, wọn ò rí ojú ilẹ̀. Yanrìn tó dà sílẹ̀ ti sọ omi di ẹrẹ̀. Ibi tí ojú ò ti ríran bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló lè fi ọwọ́ wá a. Ó ní òun ò bẹ̀ mí o. Ó ní ìyàwó atukọ̀ ti wà létí omi láti àárọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n mú un kúrò.

Mo ní rárá. Mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ pẹ́.

Bó ṣe ń jáde ni Ẹlẹ́rìn-ín pe orúkọ mi láti inú yàrá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Lọ bá obìnrin yẹn wá ọkọ rẹ̀. Èmi ò ní lọ síbì kankan kí o tó dé."

Mo ní ṣé ó ṣèlérí. Ó ní, "Ìgbà wo ni mo ti jáde láìsọ fún ọ?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo wọ omi láàárọ̀. Ọmọ wa àti Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Omi náà dúdú bí inú àpò. Okùn ni mo dì mú sọ̀kalẹ̀, mo sì fi ọ̀fun tí ọwọ́ ara mi tò gbé ara mi dúró lókè ẹrẹ̀ kí n má bàa rú u: tẹ díẹ̀, tú díẹ̀. Kò há, kò jò. Inú yàrá atukọ̀ nínú ọkọ̀ tó dojú dé náà ni mo wọ̀, mo ń fi ọwọ́ kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: àga, ìkòkò, bàtà. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ èèyàn. Ó fi ọwọ́ náà di irin fèrèsé mú. Mo ṣí ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ àbúrò mi, mi ò mọ̀.

A gbé e gòkè. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì kò ní. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó fi eteetí aṣọ rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ọkọ rẹ̀, ó sì ń nù ún lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti mọ́. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo sáré délé. Ẹlẹ́rìn-ín lanu díẹ̀, ó ń mí kíkankíkan.

"Ṣé o rí i?"

"A rí i."

"Ó dáa. Obìnrin náà ti mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà báyìí."

Ó ní kí n lọ fọ iyọ̀ kúrò lára mi, pé mò ń rùn bí orúkọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kò jẹun. Nọ́ọ̀sì dé, ó pẹ́ kó tó lọ. Ó dì mí lọ́wọ́ mú nígbà tó ń lọ, ohun tí kò ṣe rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹlẹ́rìn-ín ti lọ.

Ọ̀sán ni. Ọmọ wa lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Èmi wà nídìí tábìlì, mo fẹ́ fi sipíríìngì bọ́tìnnì ìtú sípò. Ẹlẹ́rìn-ín lajú, ó bi mí pé ta ló ni èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ti Ọ̀gá Gàgàrà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí ọkùnrin náà ṣe tún fi orí sọ àtẹ́rígbà wa nígbà tó ń jáde lọ́jọ́sí, tó ní ká jọ̀ọ́ ká gbé ilé wa sókè díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbójú sókè.

Mo rò pé ó sùn ni.

Sipíríìngì ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wọlé. Òun ló bá mi ṣí ọwọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù tuntun

A ti sin ín. Ilé kún, ilé ṣófo. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló pọ̀ jù, obìnrin tó ń wá látìgbà ọmọge, tí irun wọn ti funfun. Gbogbo ẹni tó wá ló ní kí n gba kámú, pé ó ti sinmi, pé kí n wo ọmọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn. Mò ń dúpẹ́, mò ń dúpẹ́, títí ẹnu mi fi gbẹ.

Òjò rọ̀ díẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe àsìkò rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Ọmọ wa padà síbi iṣẹ́. Ó fẹ́ kí n tẹ̀ lé òun. Mo ní iṣẹ́ Ọ̀gá Gàgàrà wà nílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná." Mo ní tí mo bá fi í sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ dì mú? Ó gbá mi mọ́ra létí mọ́tò bí ìgbà tó wà ní kékeré.

Mo padà sídìí tábìlì. Ọ̀fun kan wà tí mo ti tò pọ̀ lọ́sẹ̀ tí Ẹlẹ́rìn-ín kú, mo ti kọ páálí lé e pé ó ti tán. Mo so ó mọ́ sìlíńdà kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ bọ́tìnnì ìfẹ́, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, kò padà sókè. Afẹ́fẹ́ ń tú jáde, ariwo rẹ̀ gba gbogbo yàrá, mo já rọ́bà rẹ̀ kúrò lára sìlíńdà. Mo tú u. Mo ti fi sipíríìngì sí i lódìlódì. Èmi, tí mo ti ń ṣe é láti ìgbà èwe mi.

Mo jókòó tì í pẹ́. Lẹ́yìn náà mo kó gbogbo èyí tí mo tò lọ́sẹ̀ yẹn, mo tú wọn palẹ̀ pátápátá, mo tún wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Gàgàrà ránṣẹ́ pé kí n má ṣe kánjú, pé òun lè wá ẹlòmíràn. Mo ní rárá. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn ọmọ èèyàn ló máa wọ ẹ̀wù yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mo rì wọ́n sínú básíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mú sùúrù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, mo dí etí sí ohun tó ń lọ níta, mo ń gbọ́ wọn. Kò sí èyí tó jò. Mo gbé wọn lọ fún Ọ̀gá. Ó kà wọ́n sínú agbọ̀n, ó ní ó dára púpọ̀. Ó ní kí n wá jókòó jẹun lọ́dọ̀ òun. Mo ní ó di ọjọ́ mìíràn.

Ilé dákẹ́ nígbà tí mo dé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Lọ́sàn-án, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó wọ aṣọ dúdú, ó gbé àpò kékeré kan dání. Bàtà rẹ̀ méjèèjì pé. Ìyàwó atukọ̀ oníyanrìn ni.

Ó ní Ọ̀gá Gàgàrà ló júwe ilé fún òun, pé òun gbọ́ pé ìyá ilé mi ṣaláìsí lọ́sẹ̀ kan náà. Mo ní kó wọlé. Mo bu tíì fún un. Àga kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni ti ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ló jókòó sí, èmi jókòó sétí ibùsùn. Mo ń retí kó ní kí n gba kámú. Mo ti múra ọpẹ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ bá mi gbé tèmi wá sílé. Mo wá jókòó tì yín díẹ̀."

Mo wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ṣé ojú ọkọ òun balẹ̀ nígbà tí mo rí i, kí n sọ òtítọ́. Mo ní nínú omi yẹn, ojú ò rí nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo ní ó di irin fèrèsé mú ṣinṣin, pé ó ń wá ọ̀nà àtibọ̀ wálé dé òpin. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á dùn ún. Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kò jọ̀wọ́ nǹkan rí, kódà owó ọkọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

Ó wo inú yàrá yíká. Ó wo ìrọ̀rí, ó wo fèrèsé.

"Irú èèyàn wo ni ìyàwó yín?"

Láti ọjọ́ tó ti kú, gbogbo ayé ti wọlé, wọ́n ti jáde, wọ́n ti bá mi kẹ́dùn, wọ́n ti gbàdúrà lé mi lórí. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì, lọ́jọ́ tí tíṣà lé e síta. Mo ń sọ ọ́, mo ń sọ ọ́. Tíì rẹ̀ tutù sínú ife, oòrùn kúrò lójú fèrèsé, obìnrin náà kò sì wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan.